Ta ló ní adìẹ ìbílẹ̀ ò nílò àjẹsára?

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tá à ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé adìẹ òyìnbó ni àìsàn wà fún. Ti ìbílẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ ti gbó sí i. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ti bá gbogbo àrùn ilẹ̀ yìí jà, wọ́n sì ti fi agbára náà jogún fún un. Ẹ mẹ́nu ba àjẹsára, wọ́n á ní ṣe lẹ fẹ́ fi oògùn ba ẹran jẹ́.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ń pa wọ́n nígbà ọyẹ́? Àkùkọ tó kọ láàárọ̀ àná á dédé káwọ́ gbera, ìyẹ́ apá rẹ̀ á wọ́lẹ̀, á máa yàgbẹ́ olómi tó rí bí ewé, ọrùn rẹ̀ á lọ́. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ọgbà ti dá. Àrùn Newcastle nìyẹn, tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú. Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láti ìparí 1952 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọyẹ́ la máa ń rí, àwọn la sì fi ń yin gbogbo ìran wọn. Àwọn tó kú ti dé ààtàn, ta ló kà wọ́n?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a rò pé ohun kan ṣoṣo ni agbára ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára sẹ́ẹ̀lì àti nínú rẹ̀ ni àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àlejò burúkú mọ̀. Rìsẹ́pítọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà bí ọdẹ àdúgbò tó mọ ojú olè kan péré. Èyí tó ń jẹ́ TLR5 mọ ìrù tí bakitéríà kan fi ń wẹ̀. TLR3 mọ RNA, ohun àjogúnbá inú àwọn fáírọ́ọ̀sì kan. Mẹ́wàá irú TLR yìí ló wà lára adìẹ. Ó ní TLR15, tí kò sí lára èèyàn rárá. Kò ní TLR9 tiwa, àmọ́ TLR21 ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe pé ara ẹyẹ rẹlẹ̀ sí tiwa o. Ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ. Àrùn á máa gbá adìẹ lọ, òun á máa rìn gbẹ̀rẹ̀ kiri inú ẹrẹ̀ bí ẹni pé kò kàn án. Àwọn kan ní ìdọ̀tí tó ń jẹ ló ń wò ó sàn. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí bird flu, irú èyí tó wọ Nàìjíríà ní 2006: pẹ́pẹ́yẹ ní rìsẹ́pítọ̀ kan tó ń jẹ́ RIG-I, tó tètè máa ń fura sí fáírọ́ọ̀sì náà. Wọ́n wá a lára adìẹ títí, kò sí. Nígbà tí wọ́n mú jíìnì (ìlànà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tí pẹ́pẹ́yẹ fi ń ṣe RIG-I sínú sẹ́ẹ̀lì adìẹ, fáírọ́ọ̀sì náà ò lè pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ti ju mílíọ̀nù ọdún 60 lọ tí ìran àwọn méjèèjì ti pínyà, níhà ti adìẹ ni jíìnì yẹn ti sọnù. Àyípadà ìran kì í ṣe èrè nìkan. Ó ń pàdánù pẹ̀lú. Adìẹ ìbílẹ̀ wa náà ò sì yọ sílẹ̀ nínú àdánù yìí. (Pẹ́pẹ́yẹ tí ara rẹ̀ le ṣì lè máa ya fáírọ́ọ̀sì sínú omi tí adìẹ ń mu. Ẹ má ṣe da omi wọn pọ̀.)

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àjogúnbá ṣá. Adìẹ tó bá jogún irú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní B21 máa ń kojú àrùn Marek (àrùn fáírọ́ọ̀sì tó máa ń rọ adìẹ lẹ́sẹ̀) dáadáa, èyí tó ní B19 kì í rọ́wọ́ mú. Àrùn Marek nìyẹn o, kì í ṣe lùkúlùkú.

Apá tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà ní ìdí adìẹ. Tẹ́ ẹ bá pa ọ̀dọ́ adìẹ tí kò tíì tó ẹyin í yé, ẹ wo òkè ihò ìdí rẹ̀, níhà ẹ̀yìn. Kókó róbótó kan wà níbẹ̀, kò ju orí ìka lọ, inú rẹ̀ ṣẹ́ léra wọn. Bursa ni. Fabricius, onímọ̀ ẹ̀yà ara kan ní Ítálì, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1621, ó rò pé àtọ̀ àkùkọ ló ń bá abo pa mọ́. Ó ju 300 ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Onímọ̀ kan, Bruce Glick, ló yọ ọ́ lára àwọn ọmọ adìẹ kan ní Ohio ní Amẹ́ríkà, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Timothy Chang, yá lára àwọn adìẹ yẹn láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó gún wọn ní kòkòrò Salmonella, ló tó hàn pé àwọn tí wọ́n ti yọ bursa wọn ò lè ṣe áńtíbọ́dì, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbéjà ko àrùn. Ìwé ìròyìn Science kọ̀ láti tẹ iṣẹ́ náà jáde. Poultry Science ló gbà á, ní 1956.

Inú bursa ni ọmọ adìẹ ti ń ṣe rìsẹ́pítọ̀ irú kejì, èyí tí kò jogún bíi TLR, tó ń di áńtíbọ́dì. Fún apá kan rẹ̀, jíìnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òkú jíìnì 25 tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á máa ṣàdàkọ díẹ̀díẹ̀ láti ara wọn lẹ̀ mọ́ ọn, títí oríṣiríṣi á fi jáde. Olúkúlùkù ọmọ adìẹ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ ti ṣe kò wọ inú jíìnì. Ohun tí ìyá tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn lè fún ọmọ ni áńtíbọ́dì tó wà nínú pupa ẹyin, ìyẹn kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ kó tó tán.

Bursa yìí gan-an ni àrùn Gumboro máa ń lọ bá, pàápàá nígbà tí ọmọ adìẹ bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ tó ń bú ẹni tó ta Lasota, àjẹsára lùkúlùkú, fún wọn ni Gumboro ti kọ́kọ́ kọjá lára adìẹ wọn. Àjẹsára dé, kò bá ẹni tó máa gbà á.

Fún adìẹ ẹ̀yìnkùlé, àjẹsára lùkúlùkú kan tó ń jẹ́ I-2 wà, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ní Vom nítòsí Jos ń ṣe. Ó lè fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀kán kan lójú adìẹ kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n á sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí ọyẹ́ tó dé ni kẹ́ ẹ ti bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀, nítorí èyí tí ọrùn rẹ̀ ti ń lọ́ kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń kán an sí lójú.