Oodi, Ilé-Ìkàwé Àárín Gbùngbùn Helsinki

Oodi jẹ́ ilé-ìkàwé gbogboogbò ní Helsinki, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Fínlándì. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ kan ṣáájú àyájọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè náà. Òun àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló dojú kọra, gbàgede Kansalaistori ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Níbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí bí ilé-ìkàwé ọjọ́ iwájú ṣe yẹ kó rí, orúkọ Oodi kì í pẹ́ jáde, torí pé àjà mẹ́ta ló ní, òkè pátápátá nìkan sì ni wọ́n to ìwé sí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ilé náà ni wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ ará ìlú pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀ olóoru, sauna, sínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ará Fínlándì ṣe fẹ́ràn sauna tó, kò ní yà á lẹ́nu, àmọ́ àbá náà kò wọlé. Àwòrán 544 ló dé síbi ìdíje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. ALA Architects, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní Helsinki, ló borí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 98 yúrò ni wọ́n ná sórí ilé náà.

Ìlú fẹ́ fi àyè sílẹ̀ kí títì lè gba abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, nítorí náà wọn kò lè di ẹrù ilé ru àárín ilẹ̀ náà. Irin ńlá méjì tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn gùn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ló gbé gbogbo ilé dúró. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ fi tẹ́jú láìsí òpó. Pákó igi spruce ni wọ́n fi bo ara ilé níta.

Ilé kọfí, gbọ̀ngàn ìpàdé àti sinimá Kino Regina ló wà nísàlẹ̀. Àjà kejì ni ti oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ gùn jù lè gba àyè sílẹ̀, kó gbé e wá, kó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kó ṣẹ́ etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ 3D tó ń fi ike tẹ nǹkan jáde wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni situdíò orin, yàrá géèmù àti ilé ìdáná.

Nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) ìwé ló wà lókè, lórí pẹpẹ kúkúrú tí kò dí ojú. Igi tútù wà láàárín wọn, bákóónì gbọọrọ kan sì kọjú sí ilé aṣòfin. Bí èèyàn bá dá ìwé padà nísàlẹ̀, bẹ́líìtì á gbé e lọ sí abẹ́ ilé, ẹ̀rọ á ṣà á sọ́tọ̀, róbọ́ọ̀tì á wá fi ẹ̀rọ agbéniròkè gbé e dé àjà kẹta. Èèyàn ló ṣì ń tò ó sórí pẹpẹ.

Ọ̀kẹ́ márùn-ún kò pọ̀ fún ilé tó tóbi tó báyìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò tó wá wo Oodi kì í kíyè sí ni pé kò dá dúró. Ó wà nínú àjọ Helmet, tó so ilé-ìkàwé Helsinki, Espoo, Vantaa àti Kauniainen pọ̀. Ìwé tí kò bá sí níbẹ̀, wọn á ránṣẹ́ sí i ní ẹ̀ka mìíràn. Bí ìlú kan bá kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé láìní irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, ìwé gan-an ló máa wọ́n òǹkàwé.

Òfin ilé-ìkàwé Fínlándì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2017 náà ń ti irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn: ọ̀fẹ́ ni yíyá ìwé, ilé-ìkàwé sì gbọ́dọ̀ pèsè àyè fún ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ará ìlú.

Lọ́dún 2019, àjọ ilé-ìkàwé àgbáyé, IFLA, fún Oodi ní ẹ̀bùn ilé-ìkàwé gbogboogbò tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà. Dokk1 ti ìlú Aarhus ní Dẹ́nmáàkì ti gba irú rẹ̀ lọ́dún 2016. Síbẹ̀, àwọn tó ń wá ibi tó pa rọ́rọ́ láti kàwé ń ráhùn ariwo ọmọdé, nítorí pé òkè kan náà ni ibi ìṣeré àwọn ọmọ wà.