Bí Okìkí Fádà Oníwàásù Ṣe Ń Gbilẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Wọmi

Nínú ìsìn Mísà, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti fádà fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Àdúrà tí yóò gbà ti wà nínú ìwé, ibi tí wọn yóò kà nínú Bíbélì ti wà nínú ìwé, ohun kan náà ni wọ́n sì ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Róòmù. Ìwàásù tí ó máa ń tẹ̀lé kíka Ìhìn Rere nìkan ni ibi tí àyè ti wà fún un láti sọ̀rọ̀ láti inú ara rẹ̀, inú àyè kékeré yìí sì ni okìkí ti ń hù. Bí ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù rán sí páríìṣì kan, ìyẹn ìjọ àdúgbò tí fádà ń bójú tó, bá gbọ́ Yorùbá dénú, tí ó mọ bí a ṣe ń fi òwe tú Ìhìn Rere, tí ó lè dá orin láàárín ọ̀rọ̀ kí àwọn ìyá ìjọ sì gbè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í pẹ́ kí ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń béèrè nílé ó tó yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Aago mélòó ni Mísà?" ni wọ́n ń béèrè. Ní báyìí, "Ta ni yóò wàásù?" ni. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ń jíṣẹ́ ti di ẹni tí a ń torí rẹ̀ wá, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwàásù inú Mísà kò lè gba irú okìkí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé Ìjọ kò fẹ́ kí ó gùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Póòpù Francis sọ ní gbangba pé kò yẹ kí ó kọjá ìṣẹ́jú 8, kí oorun má baà gbé àwọn èèyàn lọ. Nítorí náà, oníwàásù tí èrò ń wọ́ tọ̀ a máa wá àyè sí ẹ̀yìn Mísà: ìṣọ́ òru, àdúrà ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀, ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta, tàbí ìjúbà níwájú Sákírámẹ́ńtì Mímọ́, ìyẹn àkàrà Mísà tí a ti yà sí mímọ́. Ọ̀nà yìí fẹ̀ gan-an lẹ́yìn ọdún 1967, nígbà tí ẹgbẹ́ Kárísímátíìkì ti àwọn Kátólíìkì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn Yunifásítì Duquesne ní Amẹ́ríkà, tí ó sì tàn ká ayé títí ó fi wọ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ yìí ni ó sọ pípàtẹ́wọ́, àdúrà kíkankíkan àti jíjẹ́rìí ìwòsàn di ohun tí a lè bá pàdé nínú ọgbà ìjọ Àgùdà.

Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ìdí mìíràn wà tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fi ń tètè gbèrú. Ojú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà, ẹni tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò sì ní wá ọkọ̀ tì. Pẹ̀lú èyí, àwọn Kátólíìkì kéré láàárín ẹlẹ́sìn yòókù níhìn-ín. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀, àwọn Onítẹ̀bọmi sì ti fìdí múlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọ̀rúndún 19, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn wà. Ọmọ Kátólíìkì tí ó gba Komúníónì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi lè máa lọ wá ìwòsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹlòmíràn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí fádà kan bá wá fa irú àwọn bẹ́ẹ̀ padà sílé, inú bíṣọ́ọ̀bù pàápàá yóò dùn. Kò tọ́ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ní ìpele yìí, nítorí pé ire gidi ni ó ń ṣẹlẹ̀: tọkọtaya tí wọ́n ti jọ ń gbé fún ogún ọdún wá ń so yìgì nínú ìjọ, ẹni tí ó ti gbàgbé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sì ń tò sórí ìlà.

Lẹ́yìn èyí ni ohùn náà yóò fo ògiri ọgbà ìjọ. Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù wá láti Amẹ́ríkà. Charles Coughlin, tí ó jẹ́ fádà páríìṣì kan ní Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọdún 1926. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn tí ń gbọ́ ọ ti di àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀. Fulton Sheen, fádà Amẹ́ríkà mìíràn tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù, gba orí rédíò ní 1930, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1952, ó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ti àwọn ètò tẹlifíṣọ̀n, àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì rárá sì ń jókòó gbọ́ ọ. Lónìí, kò sí ẹni tí ó nílò ilé iṣẹ́ rédíò mọ́. Ọ̀dọ́ kan tí ó gbé fóònù dání lórí ìjókòó iwájú lè gé ìṣẹ́jú méjì nínú ìwàásù wákàtí kan, kí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ó sì ti dé Ìlọrin àti London kí fádà tó bọ́ aṣọ ìsìn lọ́rùn. Ibi tí ó gbóná jù ni wọ́n máa ń gé: àsọtẹ́lẹ̀, ẹ̀rí, tàbí ìbáwí fún olóṣèlú kan. Àlàyé Ìwé Mímọ́ tí fádà fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tò kalẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kì í bá a lọ. Bí ó bá pẹ́, oníwàásù náà fúnra rẹ̀, láìfura, yóò máa múra ìwàásù sílẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú méjì yẹn. Bóyá ibí ni ìpalára tí ó tóbi jù ti ń wọlé, kí owó tàbí ẹ̀sùn kankan tó dé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ohun kan wà tí kò yí padà, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tẹ̀lé oníwàásù náà kò sì mọ̀: ẹnu tí ó fi ń wàásù, ẹlòmíràn ni ó yá a. Ó yẹ kí èyí yé ará Ọ̀yọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ìlàrí Aláàfin bá dé ìlú kan láyé àtijọ́, pẹ̀lú orí rẹ̀ tí a fá ní apá kan, ààfin tí ó rán an ni àwọn baálẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ dùn tó lẹ́nu rẹ̀. Òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì kéde ní 1983 fi fádà sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ 764 fún àlùfáà ní àyè láti wàásù níbi gbogbo, bí ẹni tí ó ń ṣe àbójútó ṣọ́ọ̀ṣì náà bá gbà, àyàfi bí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá ti dín àyè náà kù tàbí tí ó gbà á padà. Kò sí fádà tí ó lè lé ẹ̀mí èṣù jáde gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ìjọ láìjẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù fún un ní àṣẹ pàtó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, Vatican tún gbé ìwé kan jáde lórí àdúrà ìwòsàn, tí Kádínà Ratzinger fọwọ́ sí, tí ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ pa irú àdúrà bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ Mísà bó ṣe wù wá, àti pé ariwo, àṣehàn àti ohun tí ó dà bí eré orí ìtàgé kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti ìṣe àwọn Onítẹ̀bọmi Ògbómọ̀ṣọ́ tóbi. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìjọ ni ó ń pe pásítọ̀, ìfẹ́ tí ìjọ ní sí i sì jẹ́ ara ohun tí ó mú un dúró. Lọ́dọ̀ Kátólíìkì, bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń rán fádà wá, lẹ́tà kan ni ó sì ń gbé e lọ. Ọdún 1963 ni Ọ̀yọ́ di dáyósìsì, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń ṣàkóso. Owen McCoy ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ títí di 1973. Julius Adelakun gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lo ọdún 36 kí Emmanuel Badejo tó rọ́pò rẹ̀ ní 2009. Ẹni tí ó bá fi èyí wé ọdún mélòó kan tí fádà kan ń lò ní páríìṣì kí wọ́n tó ṣí i nípò yóò rí i pé àlejò ni oníwàásù, bí ó ti wù kí èrò rẹ̀ pọ̀ tó.

Owó ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Òfin Ìjọ gbà pé ohun tí àwọn èèyàn bá fi tọrẹ fún alábòójútó páríìṣì, páríìṣì ni ó ni ín, àyàfi bí ẹ̀rí bá wà pé ohun mìíràn ni olùtọrẹ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti abúlé wá, tí ó di owó mọ́ etí aṣọ, tí ó sì fi lé fádà lọ́wọ́ nítorí pé ọmọ rẹ̀ sàn, fádà yẹn ni ó fún ní ọkàn tirẹ̀. Láàárín èrò ọkàn ìyá yìí àti ohun tí ó wà nínú òfin ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti ṣubú, àwọn kan nítorí ojúkòkòrò, àwọn mìíràn nítorí pé wọn kò ní ìwé ìṣirò kankan tí wọ́n lè fi hàn nígbà tí a béèrè.

Ìṣubú kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Coughlin sọ òṣèlú àti ìkórìíra àwọn Júù di ìwàásù. Ní 1942, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Edward Mooney ní kí ó panu mọ́, ó panu mọ́ lóòótọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ páríìṣì rẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́ títí di 1966. Ti Sheen kò ní ẹ̀gàn nínú: èdè àìyédè tí ó wà láàárín òun àti Kádínà Spellman ti New York ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ṣáájú rírán tí wọ́n rán an lọ ṣe bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Rochester ní ọdún 1966, kò sì ju ọdún mẹ́ta lọ níbẹ̀. John Corapi, fádà tí ohùn rẹ̀ gba tẹlifíṣọ̀n Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ní 2011. Wọ́n ní kí ó dúró ná kí ìwádìí parí, ṣùgbọ́n kò dúró, ó kéde ní oṣù kẹfà ọdún náà pé òun ti fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀.

Jíjẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà pàápàá kò gba Emmanuel Milingo ti Lusaka ní Zambia sílẹ̀. Àdúrà ìwòsàn rẹ̀ ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ. Róòmù pè é ní 1982, ó fi ipò sílẹ̀ ní 1983. Nígbà tí ó yá, ó gbéyàwó, ó fi àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní aya jẹ bíṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ, Ìjọ sì yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ní 2006, ó sì gba ipò àlùfáà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá ní 2009. Èrò Lusaka kò bá a lọ síbẹ̀. Bí oníwàásù bá jáde, kò lè mú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ibi ìsìnkú àwọn òbí àti pẹpẹ jáde pẹ̀lú ara rẹ̀.

Nílé wa níbí, ọ̀rọ̀ Fádà Ejike Mbaka ní Enugu fi hàn bí agbára èrò àti agbára bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń figa gbága. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò rí i, wọ́n ya wọ ilé bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí Mbaka sọ nípa Peter Obi tí ó ń du ipò ààrẹ, Bíṣọ́ọ̀bù Callistus Onaga kọ̀wé pé kí Kátólíìkì kankan má lọ sí ibi àdúrà tí Mbaka ń darí mọ́. Nígbà tí a tún ṣí ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, fádà mìíràn ni ó ń darí rẹ̀, Mbaka sì ti lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì. Èrò lè fọ́ fèrèsé bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà nínú òfin tí ó fi lè fagi lé lẹ́tà rẹ̀.

Fádà tí ó bá gbà pé wọ́n fìyà jẹ òun láìtọ́ kò ṣàì ní ẹ̀tọ́. Láàárín ọjọ́ 10 tí a fi ìpinnu lé e lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù kan náà pé kí ó tún un gbé yẹ̀ wò. Bí kò bá rí ojúure, ó ní ọjọ́ 15 láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí Róòmù. Ó máa ń dunni pé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn fádà jù lọ kì í sábà mọ̀ pé ọ̀nà yìí wà, tí wọ́n á fi máa bú bíṣọ́ọ̀bù lórí Facebook, tí èébú wọn á sì tún wúwo mọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà là.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé lẹ́tà tí bíṣọ́ọ̀bù fi ṣí oníwàásù nípò, fádà tuntun yóò gun pẹpẹ, yóò ṣí ìwé kan náà, yóò sì ka àdúrà kan náà. Àwọn bọ́ọ̀sì tí ó ń ti òkèèrè wá kò ní sí níwájú ọgbà mọ́. Àwọn tí ilé wọn kò jìnnà, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìrìbọmi páríìṣì náà, yóò jókòó sí àyè wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù kò dé inú fóònù. Ní Ṣakí, ẹnì kan yóò gba ohùn ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n gé ní ọdún méjì sẹ́yìn, yóò kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, yóò ṣe "Àmín" sí i, yóò sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, láìmọ̀ pé ẹni tí ó ń gbàdúrà nínú rẹ̀ ti wà níbi tí kò ti ń wàásù mọ́.