Sinj, ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin ní Kroéṣíà

Sinj jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù Kroéṣíà, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Dalmátíà. Tí èèyàn bá gbọ́ Dalmátíà, etí òkun ló máa ń wá síni lọ́kàn, àmọ́ inú lọ́hùn-ún ni Sinj wà, bíi kìlómítà 35 sí Split, àwọn òkè bíi Dinara, Svilaja àti Kamešnica ló sì wà láyìíká ẹ̀. Pápá kan tó tẹ́ lọ gbansasa wà nísàlẹ̀ ìlú náà, odò Cetina gba ibẹ̀ kọjá, oko ni wọ́n ń dá síbẹ̀. Téèyàn bá ka ará ìlú pọ̀ mọ́ ará àwọn abúlé abẹ́ ẹ̀, wọn ò pé 25,000.

Àwọn ará Róòmù ti tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní ìlú Aequum nítòsí Sinj, wọ́n sì ní bárékè ológun kan, Tilurium, lápá ibi tó ń jẹ́ Trilj lónìí. Láti ibẹ̀ ni òkúta ibojì ọmọ ọdún méje kan ti wá, Gaius Laberius lorúkọ ọmọ náà, wọ́n gbẹ́ àwòrán ẹ̀ sára òkúta, ó mú bọ́ọ̀lù dání, ara bọ́ọ̀lù yẹn sì jọ èyí tí à ń gbá báyìí gan-an. Wọ́n ti mọ òkúta náà mọ́ ara ògiri ilé kan nínú Sinj.

Ìjọba Ọ́tómánì, ìyẹn àwọn ará Tọ́kì, ló ní ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 100 ọdún kí Fẹ́nísì, ìlú alágbára kan ní Ítálì, tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1686. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn àlùfáà Fransíískánì, ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan, sá wá láti Rama ní Bọ́sníà, wọ́n gbé àwòrán Màríà kan dání. Ní August 1715, àwọn Ọ́tómánì padà wá pẹ̀lú ọmọ ogun rẹpẹtẹ, àwọn tó wà nínú odi orí òkè láti gbèjà ìlú ò ju bíi 700 lọ, síbẹ̀ wọn ò gbà, nígbà tó fi máa di òru 14 August àwọn tó gbógun wá ti ń kó ẹrù wọn lọ. Àwọn òpìtàn ní ìgbẹ́ ọ̀rìn wà lára ohun tó lé wọn, àmọ́ lójú àwọn ará Sinj, Màríà ló gbà wọ́n. Àwọn ọmọ ogun dáwó wúrà jọ, wọ́n fi ṣe adé, wọ́n sì fi dé àwòrán náà ní 1716.

Torí ìṣẹ́gun yẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe Alka, ìdíje ẹlẹ́ṣin kan, lọ́dọọdún, ní Sunday àkọ́kọ́ nínú August. Ẹlẹ́ṣin á sáré kíkankíkan lójú ọ̀nà tó gùn ní mítà 160, á fi ọ̀kọ̀ gún òrùka irin tí wọ́n so sókè. Òrùka kékeré wà nínú ńlá: ẹni tó bá gún àárín gba máàkì 3, òkè jẹ́ 2, ìsàlẹ̀ ọ̀tún tàbí òsì jẹ́ 1, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa sá. Bí ọ̀kọ̀ bá bọ́ sáàárín, gbogbo èèyàn á pariwo «U sridu!», ìyẹn «Sáàárín!», ìbọn ńlá á dún. Ọmọ Sinj àti agbègbè Cetina nìkan ló lè gẹṣin níbẹ̀, aṣọ ayé àtijọ́ ni wọ́n máa ń wọ̀, wọ́n sì máa ń fa ẹṣin kan tí ẹnì kankan ò gùn, Edek, láti fi rántí ẹṣin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ogun Ọ́tómánì. UNESCO kọ Alka sínú ìwé àṣà àgbáyé ní 2010. Ní 15 August, àwọn Kátólíìkì á tún rọ́ wá sí Sinj nítorí Màríà, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn wá.

Ogun òmìnira Kroéṣíà ní ọdún 1990 sókè náà kan ibẹ̀. Ní 28 January 1993, àwọn ọmọ ogun Serb fi bọ́ǹbù fọ́ dáàmù Peruća lórí odò Cetina. Ó bà jẹ́ gan-an àmọ́ kò wó tán, torí Mark Gray, ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà pẹ̀lú UN, ti tú omi sílẹ̀ ṣáájú kó lè fà. Ẹ̀mí tí ìyẹn dá sí nísàlẹ̀ odò kì í ṣe kékeré.

Oúnjẹ ìlú náà ni arambaši, ẹran tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé wẹ́wẹ́, wọn kì í lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi ewé kábéèjì kíkan wé e. Ijó wọn kan wà pẹ̀lú, nijemo kolo, kò sí ìlù kò sí orin, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, ìró ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn á máa gbọ́.