Ibi tí omi dúró sí kọ́ ni gọ́tà ti dí

Bí òjò bá dá tán ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ yà sẹ́yìn ilé àtijọ́ kan, irú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Omi á ti dúró níbì kan nínú gọ́tà, ẹnì kan á sì ti mú igi, á máa gún ojú ibẹ̀ gan-an. Igi yẹn ò lè rí nǹkan kan ṣe. Omi tó dúró lẹ́bàá balùwẹ̀ ń sọ pé ọ̀nà dí níwájú, nísàlẹ̀: bóyá lábẹ́ sìláàbù ẹnu ọ̀nà, bóyá nítòsí ògiri aládùúgbò.

Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi. Ọwọ́ ẹ̀ wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iyanrìn ló ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àgbàrá dà bí alábàárù Ọjà Tìtun. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, á máa sáré tòun ti òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti erùpẹ̀ pupa lórí. Tó bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, á rẹ̀ ẹ́, á sọ ẹrù: òkúta wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ ń jábọ́, iyanrìn á tẹ̀ lé e, èyí tó kúnná á gbẹ̀yìn. Alábàárù tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kọsẹ̀ lára ẹrù náà, á sọ tiẹ̀ lé e. Ọ̀rá wá dé, kò ru nǹkan kan, ó kàn rí òkìtì tó lè jókòó lé. Ẹni tó yọ ọ̀rá nìkan, àlejò ló lé lọ, ẹrù ṣì wà nílẹ̀. (Ẹ jẹ́ ká fi alábàárù sílẹ̀ kó sinmi.)

Bí ẹrù yẹn ṣe ń já lójijì ló dùn mọ́ni jù. Bí eré omi bá dín sí ìdajì, òkúta tó lè gbé kì í dín sí ìdajì. Nínú ìṣirò àwọn onímọ̀ odò, ìwúwo òkúta tó lè gbé ń já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú 64. Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo tí ìdí gọ́tà ti rì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí omi lè máa sáré, kí ìdí gọ́tà máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà kọ̀ọ̀kan ti tó: gọ́tà mítà 12, kí ìparí rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 12 rẹlẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Rọ́bà olómi tí bíríkìlà fi ń wọn ìpìlẹ̀ á fi hàn.

Níbo ni iyanrìn ti ń wá? Láti inú àgbàlá tí à ń gbá láràárọ̀ tí kò sí koríko kan níbẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n to àpáàdì lóòró sínú ilẹ̀, èyí tí ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwo pàṣẹ rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ báyẹn kì í fún àgbàrá ní ẹrù.

Ìsàlẹ̀ ni à á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyanrìn inú gọ́tà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde, kẹ́ ẹ wá máa fi ṣọ́bìrì gòkè bọ̀. Lábẹ́ sìláàbù, ẹnu ti ìsàlẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti ki ọparun bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa wọ́ ẹrẹ̀ jáde. Ẹni tó ń tì í láti òkè, ńṣe ló ń kì í mọ́lẹ̀. Sìláàbù gan-an, fáàrí ló pọ̀ nínú ẹ̀: gọ́tà tí a bò kì í jẹ́ ká rí ìyà tó ń jẹ ẹ́.

Ohun tó ń múnú bíni jù ni òkìtì ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ sí etí gọ́tà lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Òjò kan péré, ó ti padà sílé. Ẹ fi bárò gbé e lọ jìnnà.

Lẹ́yìn náà, ẹ da garawa omi kan sókè gọ́tà, kẹ́ ẹ ju ewé gbígbẹ kan lé e, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e lọ. Ibi tí ewé bá ti ń rọra rìn ni iyanrìn òjò tó ń bọ̀ máa jókòó sí.