Ètò 6502 tó ń ṣiṣẹ́ nínú emulator, tó wá kọ̀ lórí ṣípù gan-an

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Méjì péré ni ẹ nílò láti kọ ètò fún 6502, ṣípù tó jẹ́ ọpọlọ àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Àkọ́kọ́ ni assembler tó ń sọ ohun tí ẹ kọ di báìtì. Ẹ mú cc65, ọ̀fẹ́ ni: ca65 inú rẹ̀ ló ń ṣe ìyípadà, ld65 ló ń to iṣẹ́ náà sí àdírẹ́sì. Èkejì ni emulator, ìyẹn ètò tó ń fara wé ẹ̀rọ. VICE ń fara wé odidi kọ̀ǹpútà Commodore 64. Py65 kò ju ṣípù àti mẹ́mórì lọ, òun ló sì dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ 6502.

Ca65 kò rí àṣìṣe kankan, síbẹ̀ ètò mi kò ṣe nǹkan kan.

6502 kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ. Tí iná bá ti dé, $FFFC àti $FFFD ló ń lọ wò (àmì $ ń sọ pé hexadecimal ni nọ́ńbà náà), ibẹ̀ ló ti ń mọ àdírẹ́sì tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ROM yín, ìyẹn mẹ́mórì tí kì í parẹ́ tí ètò ń gbé, bá jẹ́ 32 KB láti $8000, fáìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ báìtì 32768 gẹ́lẹ́. Ẹ fi hexdump -C, àṣẹ tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn, ṣí i, kí ẹ wo 7FFC, ibi tí $FFFC bọ́ sí nínú fáìlì: bí ètò bá bẹ̀rẹ̀ ní $8000, 00 80 ló yẹ kẹ́ ẹ rí, nítorí báìtì kékeré ló ń ṣáájú. Bí fáìlì bá kéré jù, ẹ yẹ fáìlì .cfg tí ld65 ń tẹ̀ lé wò; ó ṣeé ṣe kí fill = yes, tó ń kún àyè tó ṣófo, má sí níbẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ nínú emulator, ó kọ̀ lórí ṣípù. Èwo ló ń purọ́?

Emulator ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó máa ń fọ mẹ́mórì mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí ló kún inú RAM gidi, ìyẹn mẹ́mórì tí ètò ń kọ nǹkan sí. Èyí tó burú jù ni àsíá D, bíìtì tó ń sọ fún ṣípù pé kó máa ṣírò ní decimal. Lórí 6502 àtijọ́, reset, ìyẹn títún ṣípù bẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án rárá. Bó bá wà ní 1, $09 pẹ̀lú $01 yóò di $10 dípò $0A, gbogbo ìṣirò yín á sì dàrú. Stack pointer, tó ń tọ́ka sí ibi tí ṣípù ń to nǹkan pamọ́ sí fún ìgbà díẹ̀, náà kò ní ibi kan pàtó tó dúró sí. Nítorí náà, ìlà mẹ́rin yìí ni kó ṣáájú (SEI ń dí interrupt, CLD ń sọ D di 0, méjì tó kù ń gbé stack pointer sí $FF):

SEI
CLD
LDX #$FF
TXS

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọwọ́ ara yín kọ òdo sí gbogbo ibi tí ẹ máa lò.

JMP ($12FF) ń gbé mi lọ síbi tí n kò rán an.

Àṣẹ yìí ní kí ṣípù lọ sí àdírẹ́sì tí ẹ kọ sí $12FF àti báìtì tó tẹ̀ lé e. Àléébù ṣípù nìyẹn. Ó mú báìtì kékeré ní $12FF, ṣùgbọ́n dípò $1300, $1200 ló padà lọ mú ìkejì. Ẹ má fi atọ́ka sí àdírẹ́sì tó parí sí FF láé. Wọ́n tún un ṣe nínú 65C02, ẹ̀dà 6502 tó dé lẹ́yìn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ẹ bá ń dán ètò wò pẹ̀lú 65C02 nígbà tí 6502 wà lórí bọ́ọ̀dù, ẹ kò ní rí i. Nínú py65mon, àṣẹ tí ẹ fi ń ṣí Py65, -m 6502 ni kí ẹ lò. Bákan náà ni àwọn àṣẹ STZ, BRA àti PHX: 65C02 mọ̀ wọ́n, 6502 kò mọ̀ wọ́n, ca65 yóò sì kọ̀ wọ́n bí ẹ kò bá kọ .setcpu "65C02".