Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ lára ọ̀gá nínú iṣẹ́ dókúmẹ́ńtárì

Ọ̀pọ̀ dókúmẹ́ńtárì, ìyẹn fíìmù tí ń fi ohun gidi hàn, tí àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì ń ṣe lóde òní ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà: drone, ẹ̀rọ kékeré tí ń fò tí ó gbé kámẹ́rà, yóò fò kọjá lórí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, orin yóò bẹ̀rẹ̀, ohùn ńlá kan yóò sì máa sọ fún wa pé ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ ni a wà. Àwòrán náà a máa mọ́ kedere, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má lo drone. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi ẹni tí ó ṣe é léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ, orúkọ ọ̀gá ńlá kan ni yóò dá, mo sì máa ń rí i pé ohun tí ó hàn síta nínú iṣẹ́ ọ̀gá náà nìkan ni ó mú. Ohun tí ó ṣòro láti rí ni ó yẹ kí a kọ́: ibi tí ọ̀gá pinnu láti dúró sí, ìgbà tí ó tan kámẹ́rà, ìgbà tí ó pa á, àti ohun tí ó rí tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀.

Frederick Wiseman ni mo sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́. Ará Amẹ́ríkà ni, ìlú Boston ni a ti bí i ní 1930, ìmọ̀ òfin ni ó sì kọ́ kí ó tó di ẹni tí ń ṣe fíìmù. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì ìjọba àti irú wọn ni ó máa ń yà. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ohùn asọ̀tàn, kò sí ẹni tí a fi sórí àga tí a ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, a kì í sì í fi orin kún un lẹ́yìn. Ohun tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù lọ ni pé ẹlòmíràn ni ó máa ń di kámẹ́rà mú fún un. Máìkì ni ó máa ń wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Èmi ka ìyẹn sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ohun tí a ń gbọ́ ṣe pàtàkì bí ohun tí a ń rí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ nǹkan lára irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wo fíìmù náà bí ẹni tí ń najú. Ẹ yan ìṣẹ́jú márùn-ún péré nínú rẹ̀, kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí àwòrán bá yí padà: ṣé ọ̀nà jínjìn ni kámẹ́rà ti ń wò ni àbí ó súnmọ́ ojú ènìyàn, ta ni a ń wò, báwo ni ó sì ti pẹ́ tó níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ tan ohùn rẹ̀ padà, kí ẹ di ojú, kí ẹ máa gbọ́ nìkan. Bí ẹ bá fi ohun tí ẹ gbọ́ wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nìkan ni ọ̀gá ń wò. Ó máa ń wo ẹni tí ń gbọ́, ọwọ́ tí ń yí kálámù, ẹni tí ó ti sú, nítorí irú àwòrán wọ̀nyí ni yóò jẹ́ kí ó lè gé ọ̀rọ̀ gígùn kúrú láì jẹ́ kí àwòrán fò lójú òǹwòran.

Ẹ wá dán an wò nílé. Ká ní ìyá olóúnjẹ kan ní àdúgbò yín ní Adó gbà pé kí ẹ wá ya òun níbi tí òun ti ń gúnyán. Ẹ má ṣe kọjú kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìta yóò sọ ojú ìyá náà di òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀. Bí iná NEPA bá ń tàn níbẹ̀, ìgbà 50 ni iná tiwa ń yí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì fi àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí sílẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan (shutter speed) sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, kí iná má baà máa ṣẹ́jú nínú fíìmù yín. Bí fóònù ni ẹ ń lò, ẹ tẹ ojú ìyá náà lórí rẹ̀ pẹ́ títí tí yóò fi dúró lórí ìmọ́lẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa mọ́, yóò máa ṣú, bí apá ìyá náà ti ń lọ sókè sódò.

Kí ẹ wá gbọ́ odó. Nígbà tí iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀, ìró ọmọ odó a máa gbẹ, a sì máa fọ́nká. Bí kókó bá ti ń tán, tí iyán sì ń fà, ìró náà a kì, ọmọ odó a sì máa lẹ̀ kí ó tó gbéra. Òǹwòran tí etí rẹ̀ bá bá ìró yìí lọ yóò mọ̀ pé iyán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Orin tí ẹ bá dà lé e lórí ni yóò pa ìtàn náà. Ẹ súnmọ́ ọwọ́ ìyá náà nígbà tí ó bá ki ọwọ́ bọ omi, tí ó ń yí iyán padà láàárín gígún kan sí èkejì, kí ẹ sì yíjú sí oníbàárà tí ó ti fọwọ́ tán, tí ó ń wo ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹni yẹn ni ìtàn yín, nítorí pé òun ni ó ń retí nǹkan. Kí ẹ tó pa kámẹ́rà, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Ohun tí ó dára jù sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rò pé ó ti tán.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí ohun tí ẹ yà bá pọ̀ jù. Nígbà tí Wiseman ṣe fíìmù rẹ̀ lórí yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó jáde ní 2013, nǹkan bí wákàtí 250 ni ó yà. Nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni ó kù nínú fíìmù tí ó jáde. Bí ohùn asọ̀tàn bá jẹ́ dandan fún yín, ẹ kọ ọ́ gbẹ̀yìn: ẹ fi fíìmù náà han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ó bá ti bèèrè ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀gá tí ó súnmọ́lé, Túndé Kèlání wà nílẹ̀, ẹni tí ó di kámẹ́rà mú fún àwọn ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀ kí ó tó máa darí fíìmù tirẹ̀. Ìtàn àròsọ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹ lè gbà wò ó.

Ibì kan wà tí n kò ní kí ẹ tẹ̀lé Wiseman láìronú. Fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, Titicut Follies, ti 1967, dá lórí ilé tí wọ́n ń fi àwọn ọ̀daràn tí ọpọlọ wọn kò pé sí ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilé ẹjọ́ sì fòfin de fífi í han gbogbo ayé títí di 1991, nítorí àṣírí àwọn tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Ní tiwa, ìkíni ni a fi ń wọlé. Ẹ kí ìyá náà, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé ibi tí fíìmù náà ń lọ àti àwọn tí yóò rí i, kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde nínú àpò. Bí oníbàárà kan bá ní kí ẹ má ya ojú òun, ẹ yọ ọ́ kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwòrán rẹ̀ dára jù. Nígbà tí ẹ bá sì tò ó tán, ìyá náà ni kí ó kọ́kọ́ wò ó, ṣáájú ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.