Ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ jẹjẹrẹ tairọ́ìdì wò léwu?

Ìbéèrè: Èéṣe tí wọ́n fi ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ nígbà àyẹ̀wò yìí, tí wọn kì í kàn gba ẹ̀jẹ̀ lásán?

Ìdáhùn: Tairọ́ìdì ni ẹ̀yà ara kan tó wà níwájú ọrùn. Oríṣi jẹjẹrẹ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní medullary, tí kò wọ́pọ̀, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mónù calcitonin. Bí jẹjẹrẹ náà bá wà, calcitonin máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń ga díẹ̀ péré, tí dókítà kò ní lè fi í dájọ́. Nígbà náà ni wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ ru àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún sókè, nítorí pé èyí tó bá ti di jẹjẹrẹ a máa tú calcitonin jáde ju bó ti yẹ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní jí jẹjẹrẹ tó ń sùn?

Ìdáhùn: Rárá. Họ́mónù tó ti wà nílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ni abẹ́rẹ́ náà ń lé jáde. Kì í mú jẹjẹrẹ dàgbà.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe máa ń rí lára?

Ìdáhùn: Wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá rọra fa calcium gluconate, ìyẹn oògùn tó ní kálísíọ́mù nínú, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, 5 àti 10. Ooru á gba ara ẹni tó dùbúlẹ̀ náà dé ojú, ètè rẹ̀ á máa ṣe é bí ẹsẹ̀ tó kú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ìtọ̀ sì lè máa gbọ̀n ọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ. Oògùn pentagastrin tí wọ́n ń lò fún àyẹ̀wò yìí tẹ́lẹ̀ nira ju èyí lọ, torí pé ó máa ń fún ènìyàn láyà, ó sì máa ń rìndọ̀ fúnni. Ó ti ṣọ̀wọ́n báyìí.

Ìbéèrè: Ibo wá ni ewu rẹ̀ wà?

Ìdáhùn: Ní ojú tèmi, ọkàn ló yẹ ká bẹ̀rù fún ju ọrùn lọ. Bí wọ́n bá fi ìkánjú fa kálísíọ́mù náà wọlé, lílù ọkàn lè falẹ̀ tàbí kó ṣe ségesège, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní digoxin àti ẹni tí kálísíọ́mù ti pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú. Bí oògùn náà bá sì jò jáde nínú iṣan, ó lè ba awọ ara jẹ́. Nítorí náà, bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ta ènìyàn, kó má ṣe fara dà á, kó pariwo.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ẹni tó ní kókó lọ́rùn ló nílò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ọ̀pọ̀ kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tairọ́ìdì kì í sì í ṣe medullary. Àyẹ̀wò calcitonin tòde òní tún ti já fáfá débi pé iye tí wọ́n bá láìlo abẹ́rẹ́ sábà máa ń tó. Kódà, kí wọ́n tó ronú abẹ́rẹ́ rárá, ó yẹ kí wọ́n béèrè bóyá ènìyàn ń lo omeprazole fún ọgbẹ́ inú tàbí bóyá kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, nítorí pé àwọn méjèèjì lè gbé calcitonin sókè láìsí jẹjẹrẹ kankan.